Èéfín Ìwà, Iná Abẹ́ Eérú

      Ìyá wa tó ń ro àmàlà lọ́wọ́, ẹ má wulẹ̀ dáwọ́ dúró, ẹ kàn yí rédíò yín sókè díẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ yín tó wà nílé-ẹ̀kọ́ gíga ni mo gbé wá lálẹ́ òní, àwọn àti fóònù ọwọ́ wọn.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo yà sọ́dọ̀ mai shayi kan, ìyẹn ẹni tó ń ta tíì, ní Tudun Wada ní Kaduna níbí, kò jìnnà sí Kaduna Poly. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ìlú yìí mọ ibi tí mò ń wí: bẹ́ǹṣì onígi méjì, tábìlì kan, agolo mílíìkì tí wọ́n tò léra bí ògiri, àti ààrò èédú tí kì í kú. Ọkùnrin náà ń da tíì láti inú kọ́ọ̀bù kan sínú èkejì. Ó gbé ọwọ́ sókè débi pé tíì náà gùn bí okùn, ẹ̀kán kan kò sì ta sílẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin jókòó, wọ́n ń retí búrẹ́dì àti ẹyin díndín. Kò sẹ́ni tó ń bá ẹnìkejì rẹ̀ sọ̀rọ̀. Fóònù mẹ́rin ló ń tàn sí wọn lójú.

Àgbàlagbà kì í yọjú wo fóònù ọlọ́fóònù, ṣùgbọ́n àyè há lórí bẹ́ǹṣì, ojú mi kò sì fọ́. Èyí àkọ́kọ́ ń ya fídíò tíì tí mai shayi ń dà. Kí tíì náà tó tutù, ó ti gbé e sórí TikTok. Èkejì fẹ́ dá sí ọ̀rọ̀ kan nínú gírúùpù kíláàsì wọn lórí WhatsApp. Á kọ ọ́, á pa á rẹ́, á tún un kọ, á tún pa á rẹ́. Nígbà tó yá, ó fi àwòrán àtàǹpàkò kan ṣoṣo ránṣẹ́, ó sì mí kanlẹ̀ bí ẹni tó ti oko ẹrú dé. Ẹ̀kẹta ń tajà. Bàtà ló ń polówó lórí sítétọ́ọ̀sì rẹ̀, bí oníbàárà bá sì ti dáhùn, ó ń kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé kékeré tó gbé lé orúnkún. Ẹ̀kẹrin, àwàdà ló ń gbé jáde. Ọ̀kan kò tíì tán lẹ́nu tí òmíràn fi ń tẹ̀ lé e. Ó tún ń ṣí i wò ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú láti mọ ẹni tó ti rí i.

Mo fi èdè Hausa sọ fún mai shayi pé fóònù yìí ti ba àwọn ọmọ wọ̀nyí jẹ́. Ó wo bẹ́ǹṣì náà láti òpin dé òpin, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Baba, hali zanen dutse." Ìyẹn ni pé ìwà ẹ̀dá dà bí ilà tí a fín sára àpáta, òjò kì í fọ̀ ọ́ nù.

Ọ̀rọ̀ yẹn bá mi délé. Àwa náà kúkú ń sọ ọ́ pé èéfín nìwà, bó ti wù kí a bò ó tó, yóò rú jáde. Hausa fín tiwọn sára òkúta, àwa rí tiwa nínú èéfín, ibì kan náà la jọ ń lọ. Bó bá sì rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí a fi di gbogbo ẹ̀bi ru fóònù? Bẹ́ǹṣì kan náà ni, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà ni, síbẹ̀ ohun tí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fi fóònù ṣe kò jọra.

Àwọn onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá ti ń wá bí wọn yóò ṣe wọn ìwà kí fóònù alágbèéká tó dáyé. Ní 1936, ọ̀mọ̀wé ọmọ Amẹ́ríkà méjì, Gordon Allport àti Henry Odbert, jókòó ti ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì ńlá kan, wọ́n ń ṣa gbogbo ọ̀rọ̀ tí èèyàn lè fi júwe èèyàn. Ohun tí wọ́n ṣà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 18,000. Èrò tó wà nídìí iṣẹ́ náà ni pé ìwà tó bá ṣe pàtàkì láwùjọ, àwọn tó ni èdè ti ní láti fún un lórúkọ. Ẹ wo tiwa náà: ọlọ́yàyà, onítìjú, onínúfùfù, onísùúrù, aláròkàn, ọ̀dájú, afínjú, ọ̀lẹ, atọpinpin. Bí a bá ń kà á lọ, ilẹ̀ yóò mọ́ bá wa.

Àwọn tó gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wọn kó àwọn ọ̀rọ̀ tó bá jọra jọ, wọ́n ń dì wọ́n ní ìdì ìdì, títí ó fi ku márùn-ún. Ìdì kìíní ni ọ̀yàyà, kí èèyàn máa gbádùn àárín èrò. Èkejì ni inú rere sí ọmọlàkejì. Ẹ̀kẹta ni ètò àti àmójútó, kí èèyàn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kó sì parí rẹ̀. Ẹ̀kẹrin ni àìbalẹ̀ ọkàn, kí àyà tètè máa já. Ẹ̀karùn-ún ni ìtọpinpin, kí ojú máa wá ohun tuntun. Gbogbo wa la ní márààrún. Bí iyọ̀ inú ọbẹ̀ ni, tẹlòmíràn kàn pọ̀ ju tẹlòmíràn lọ ni.

Ẹ jẹ́ ká wá gbé ìdì márùn-ún yìí padà sórí bẹ́ǹṣì mai shayi.

Ẹ ò ní pẹ́ rí ọlọ́yàyà. Láti ìgbà tí Facebook ti bẹ̀rẹ̀ ní 2004, nígbà tó jẹ́ pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Harvard nìkan ni wọ́n ṣe é fún, ìwádìí lórí ìwádìí ló ti ń fi hàn pé ẹni tó lọ́yàyà lójúkojú náà ló ń lọ́yàyà lórí ayélujára. Ọmọ tó ń kí gbogbo oníkẹ̀kẹ́ láti Kawo títí dé Ahmadu Bello Way, òun náà lẹ ó bá nídìí gírúùpù mẹ́fà, tí yóò máa kí ọlọ́jọ́ìbí, tí yóò máa pín ìkéde ìdánwò. Atọpinpin náà sún mọ́ ọn. Òun ló máa ń kọ́kọ́ dán ohun tuntun wò, òun náà ló ń fi YouTube kọ́ bí wọ́n ṣe ń tún kọ̀ǹpútà ṣe láìsanwó fún ẹnikẹ́ni.

Ti onítìjú ló gba sùúrù. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé fóònù ni yóò tú u sílẹ̀, nítorí níbẹ̀ kò sẹ́ni tó ń wò ó lójú. Ní 2002, Robert Kraut àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Carnegie Mellon, nílùú Pittsburgh, rí ohun tó yàtọ̀. Íntánẹ́ẹ̀tì ṣe ọlọ́yàyà lóore, ó fi ènìyàn kún ènìyàn fún un. Adákẹ́jẹ́ẹ́ tó ń lò ó púpọ̀, ńṣe ni ìdánìkanwà rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Lọ́rọ̀ kan, ẹni tó ti ní ni wọ́n tún ń bù fún.

Ṣùgbọ́n ẹ má tíì gba fóònù lọ́wọ́ onítìjú. Ẹ rántí 2022, nígbà tí ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, daṣẹ́ sílẹ̀ láti oṣù kejì títí di oṣù kẹwàá, tí ọmọ tó wà ní ABU Zaria padà wálé wá jókòó fún oṣù mẹ́jọ. Ọlọ́yàyà wá nǹkan ṣe láàárín ìgboro. Onítìjú tí kò lọ́rẹ̀ẹ́ ju ẹni tí wọ́n jọ ń jókòó ní kíláàsì, WhatsApp nìkan ni okùn tó kù lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá fi okùn náà di ọ̀rẹ́ kan tàbí méjì tó ti ní tẹ́lẹ̀ mú, ó ṣe é láǹfààní. Bó bá fi ń wo ayé àwọn tí kò mọ̀ rí láti àárọ̀ dalẹ́, ó di ẹni tó dúró lẹ́yìn fèrèsé ilé àríyá, tó ń gbọ́ ìlù, tí kò sì sẹ́ni tó pè é wọlé. Ẹ̀yin náà ẹ wo ọmọ tó ń kọ ọ̀rọ̀ tó ń pa á rẹ́ yẹn. Ọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹni tó máa dúró gbọ́ ló ń wá.

Ẹlẹ́tò, ìyẹn oníbàtà wa, òun lọkàn mi balẹ̀ sí jù. Ìwádìí pọ̀ tó fi hàn pé ẹni tó bá ní ètò kì í sábà di ẹrú fóònù. Ó ń wọ orí ayélujára bí ẹni tó ń lọ sí ọjà. Ó mọ ohun tó fẹ́ rà, ó mọ iye tó wà lápò rẹ̀, ó sì mọ̀nà ilé.

Ẹ dákun, níbí yìí, mo fẹ́ gbèjà àwọn ọmọ díẹ̀. Òbí á rí i pé ọmọ òun ń lo fóònù láago méjì òru, á ní ọmọ náà kò létò. Ó lè jẹ́ pé dátà òru ló rà, èyí tó rọjú, tó jẹ́ pé lẹ́yìn ọ̀gànjọ́ ló ń ṣiṣẹ́. Ó lè jẹ́ pé ìgbà yẹn ni wọ́n mú iná wá. Ìwà kọ́ nìyẹn, ọgbọ́n àpò ni. Àwọn onímọ̀ fúnra wọn gbà pé ìwà kò ṣàlàyé ju apá kan lọ nínú bí èèyàn ṣe ń lo sóṣíà mídíà. Owó wà níbẹ̀, ọ̀rẹ́ wà níbẹ̀, ìdánwò tó ń bọ̀ wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìwádìí yìí ló sì jẹ́ pé ilẹ̀ òyìnbó ni wọ́n ti ṣe é, níbi tí iná kì í ti í sábà lọ. Nítorí náà, bí a bá fẹ́ mọ ọmọ, a ó kọ́kọ́ béèrè ohun tó yí i ká.

Ìdì tó tún kan gbogbo wa nílùú yìí ni inú rere àti òdìkejì rẹ̀. Onínúure ló máa ń kó sọ́wọ́ àwọn tó ń jí WhatsApp ẹlòmíràn lò. Wọ́n á fi orúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó yá àwọn ní 10,000 náírà di ọ̀la, yóò sì fi ránṣẹ́ kó tó ronú láti pe ọ̀rẹ́ náà. Onínúfùfù ní tirẹ̀, ìbínú ló ń fi ránṣẹ́. Kó tó ka ọ̀rọ̀ débi ìdajì, ó ti pín in fún gírúùpù mẹ́ta.

Ní Kaduna, a kò gbọdọ̀ fojú kékeré wo èyí. Ní oṣù kọkànlá 2002, ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n kọ sínú ìwé ìròyìn nípa ìdíje Miss World dá rògbòdìyàn sílẹ̀ níhìn-ín. Wọ́n dáná sun ọ́fíìsì ìwé ìròyìn náà, èèyàn tó ju 200 lọ ló kú. Ní tòótọ́, WhatsApp kò tíì sí nígbà yẹn, ọdún 2009 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà tàn kálẹ̀. Àwọn tó ti wà nílùú nígbà náà mọ bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe palẹ̀ ẹrù mọ́, tí mùsùlùmí ń kó lọ sí àríwá odò, tí kìrìsìtẹ́nì ń kó lọ sí gúúsù. Àwa Yorùbá tí ẹ̀gbọ́n ń jẹ́ Alhaji tí àbúrò rẹ̀ ń jẹ́ díákónì, apá ibo ni ká gbà? Iná ọdún yẹn, àtàǹpàkò onínúfùfù kan lè tún un dá lónìí kí oúnjẹ tó jinná. WhatsApp fúnra wọn rí i. Ní 2019, wọ́n ní èèyàn kò gbọdọ̀ tari ọ̀rọ̀ kan sí ju ibi márùn-ún lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tó di 2020, ọ̀rọ̀ tó bá ti kọjá lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn, ibì kan ṣoṣo ni a lè tari rẹ̀ sí lẹ́ẹ̀kan. Ìdè ọwọ́ nìyẹn. Ìdè ọkàn kù sọ́wọ́ ẹni tó ni fóònù.

Ẹ jẹ́ ká wá dán òwe èéfín wò bóyá òótọ́ ni. Ṣé lóòótọ́ ni ìwà ń rú jáde lórí ayélujára, tàbí ẹ̀tàn lásán ni gbogbo ohun tí à ń rí níbẹ̀? Ní 2010, Mitja Back, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ojú ewé sóṣíà mídíà èèyàn 236 jọ, àwọn ọ̀dọ́ ní Amẹ́ríkà àti Jámánì. Wọ́n gbé e fún àwọn tí kò mọ̀ wọ́n rí, wọ́n ní kí wọ́n sọ irú ẹni tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́. Ìwà gidi ni àwọn àjèjì náà rí. Wọn kò rí irú ẹni tí olójú ewé ń fẹ́ kí òun jẹ́. Èéfín rú jáde lóòótọ́.

Ẹ̀rọ náà ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka èéfín yìí. Ní 2015, àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Cambridge àti Stanford fi hàn pé bí kọ̀ǹpútà bá rí ohun mẹ́wàá péré tí èèyàn fi "láìkì" sí lórí Facebook, yóò sọ ìwà rẹ̀ ju bí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́ ti lè sọ ọ́ lọ. Bó bá rí 70, ó ju ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ. Bó bá rí 150, ó ju ará ilé rẹ̀ lọ. Bó bá rí 300, ó tó ọkọ tàbí aya. Àwọn kan sì ti ń fi irú ìmọ̀ yìí ṣòwò. Ní 2018 ni àṣírí tú pé ìsọfúnni nípa èèyàn tó tó mílíọ̀nù 87 lórí Facebook ti bọ́ sọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ Cambridge Analytica. Nígbà náà ni a tó gbọ́ pé wọ́n ti gba àwọn èèyàn ilé-iṣẹ́ yìí níṣẹ́ nígbà ìdìbò wa ní 2015, láti dojú ìjà kọ Ọ̀gágun Buhari, ẹni tó nílé ní Kaduna yìí nígbà tó wà láyé. Àwa rò pé láìkì lásán la tẹ̀, àṣé ìwà wa la ń kó fún wọn ní ọ̀fẹ́.

Àmọ́ ohun kan wà nínú ìwádìí 2010 yẹn tí kì í jẹ́ kí n sùn. Nínú ìdì márààrún, ọ̀kan ni àwọn àjèjì náà kò rí ojútùú rẹ̀. Wọ́n mọ ọlọ́yàyà, wọ́n mọ atọpinpin. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀, wọn kò mọ̀ ọ́n. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, nínú gbogbo àwọn tí sóṣíà mídíà ń mú lẹ́rú, irú ẹni yìí ló wà níwájú. Ó ń wò ó bóyá wọ́n ti ka ọ̀rọ̀ òun. Bí wọ́n bá ti kà á tí wọn kò dáhùn, oorun dá. Ó ń fi ayé ara rẹ̀ wé ti àwọn tó ń ṣe ìgbéyàwó, tó ń gba ìwé àṣẹ ìrìnnà, tó ń ra mọ́tò. Àwòrán tó ń gbé jáde lè máa rẹ́rìn-ín ní gbogbo ìgbà.

Nítorí náà, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, bí ọmọ yín bá wálé fún ìsinmi, ẹ má wulẹ̀ máa ka wákàtí tó lò lórí fóònù. Ẹ wo ojú rẹ̀ nígbà tó bá gbé e sílẹ̀. Ẹlòmíràn á gbé e sílẹ̀ tẹ̀rín tẹ̀rín, á pe àbúrò rẹ̀ wá fi nǹkan hàn án. Ẹlòmíràn á gbé e sílẹ̀, ojú á ti korò, kò ní fẹ́ jẹun. Wákàtí kan náà ni àwọn méjèèjì lè ti lò. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ náà tí ẹ ń gbọ́ wa láti yàrá yín, ẹ mọ irú ẹni tí ẹ jẹ́. Ọlọ́yàyà, máa rántí ìwé rẹ. Onítìjú, di ọ̀rẹ́ kan mú dáadáa. Onínúfùfù, ka ọ̀rọ̀ dópin kó o tó tari rẹ̀. Onínúure, pe ọ̀rẹ́ rẹ lórí fóònù kó o tó fowó ránṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n parí ìtàn mai shayi fún yín. Nígbà tí mo fẹ́ dìde, iná ààrò rẹ̀ ti dà bí èyí tó kú, eérú funfun ti bò ó, èéfín kankan kò sì jáde mọ́. Mo rò pé ó fẹ́ palẹ̀ mọ́ ni. Ó mú ẹ̀mú, ó tú eérú náà. Ẹyín iná pupa fòò lábẹ́ rẹ̀. Bó ṣe ń fẹ́ ẹ, ó gbójú sókè wo ẹ̀kẹrin nínú àwọn ọmọ náà, aláwàdà wa. Tíì iwájú rẹ̀ ti tutù, mílíìkì ti di awọ lójú rẹ̀. Mai shayi fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ ọ́ ní Hausa pé ó di ọjọ́ mẹ́ta tí o kò mu tíì rẹ tán. "Lafiya?" Ṣé àlàáfíà ni?

Ọmọ náà kò dáhùn kíá. Ó da ojú fóònù rẹ̀ dé lórí bẹ́ǹṣì. Mai shayi gbé ìkòkò omi kúrò lórí iná, ó nu ọwọ́, ó sì jókòó tì í.

Mo sanwó mi, mo fún wọn láyè.